Ṣé Ọkàn Ń Kú?

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tó ń tajà ní Ọjà Igbó l'Ógbòmọ̀ṣọ́ mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, oníkálukú á palẹ̀ ẹrù mọ́, á gbalé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ilé tí à ń sọ yìí, ṣé ó wà lóòótọ́?

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Lucretius akéwì ní èérún wẹ́wẹ́ ló para pọ̀ di ọkàn. Bí ara bá kú, ọkàn a tú ká bí èéfín. Ó tún béèrè pé: bí ọkàn bá ti wà kó tó wọ inú ọmọ, kí ló dé tí ọmọ kò rántí ayé rẹ̀ àtijọ́?

Cicero ńkọ́? Tullia ọmọ rẹ̀ obìnrin kú ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù. Lọ́dún yẹn náà ló kọ̀wé pé bí ọkàn bá wà lẹ́yìn ikú, ayọ̀ ni. Bí kò bá sí mọ́, kò sẹ́ni tí yóò máa jẹ̀rora. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àbí? Síbẹ̀, bàbá náà dárò ọmọ rẹ̀ gidigidi.

Ìbéèrè Lucretius kan àwa tí à ń sọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Babátúndé wo ló rántí àwọn tó jẹ bàbá àgbà lówó? Ṣùgbọ́n ẹni tó sọmọ lórúkọ yẹn kò wá ẹlẹ́rìí. Ìlérí ló ń ṣe, pé ìwà ẹni tó lọ kò ní í parẹ́ nílé òun.

Àmọ́ ìgbàgbọ́ yìí lè wọ ènìyàn lọ́rùn. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní 1944, àṣà ní kí Olókùn Ẹṣin bá a lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò bàbá. Dúró Ládiípọ̀ fi í ṣeré nínú Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká náà kọ tirẹ̀ jáde ní 1975. Ohun tí a gbà gbọ́ nípa ọ̀run, ayé la ti ń san owó rẹ̀.

Lójú tèmi, bí ọkàn bá wà títí láé, kí la wá ń kánjú sí? Bí kò bá sì wà, ẹ̀mí kan ṣoṣo tá a ní yìí kò ṣeé fi ṣòfò. Ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n já sí: ká tọ́jú ẹni tó wà láàyè. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n sọmọ ní Babátúndé nítorí òun, kó yáa hùwà tí wọn yóò fẹ́ kó padà wá.