Ìtàn Omíyalé Tí A Jẹ Àwọn Ọmọ Wa Ní Gbèsè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń sọ òjò kalẹ̀ láti sánmọ̀, tí ó sì fi ń jí ilẹ̀ tí ó ti kú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbéǹde. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ fún ara wa kí a tó sọ fún yín: ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun, pàápàá nínú ohun tí ahọ́n wa bá sọ nípa iṣẹ́ Rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò rọrùn fún wa láti sọ, nítorí pé àwa fúnra wa ni a kọ́kọ́ ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011. Ààwẹ̀ ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òjò náà dé bá Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ wa sì ṣínu pẹ̀lú ọpẹ́ pé ilẹ̀ tutù, a ń múra àìsùn òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, odò ti gba títì, afárá ti já, ilé ti wó lé ènìyàn lórí. Àwọn tí ó kú lé ní 100. Àwọn àgbà tí ó jókòó síwájú wa yìí mọ̀ pé kì í ṣe àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, Ògùnpa ti ṣe irú rẹ̀ rí, àwọn tí ó bá a lọ sì lé ní 200. Omíyalé ni àwọn baba wa ń pe irú omi bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì ti wà lẹ́nu wọn kí ọdún 1980 tó dé.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé ti ọdún 2011 yẹn, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, a gun mìḿbárì yìí, a sì sọ ìtàn omi náà. A ní pàṣán Ọlọ́hun ni. A dárúkọ àgbèrè, a dárúkọ èlé, a dárúkọ àìkírun, a wá fi ìtàn Ànábì Nuhu dè é. Wáàsí náà dùn, àwọn ènìyàn ń kígbe Allāhu Akbar. Lẹ́yìn ìrun, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò wa dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin. Omi ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì lọ. Kò pariwo. Ó ní, “Àáfà, èyí àbúrò ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, èwo ni tirẹ̀?” A ṣe àdúà fún un, nítorí pé a kò ní ìdáhùn. Ó ṣe àmín, ó lọ. Ó sì pẹ́ kí a tó tún rí i ní ìrun Jímọ̀.

Ẹ̀yin ará, ìdáhùn ìyá náà wà nínú ìwé tí a ti kà láti ilé kéwú. Ànábì Muhammad, ìkẹ́ Ọlọ́hun kí ó máa bá a, ka ẹni tí omi gbé lọ àti ẹni tí ilé wó lù mọ́ àwọn tí ó kú ikú ṣàhídì. A mọ hádíìsì náà lórí. Ìbínú ni a ń wá kiri lọ́jọ́ náà, kò jẹ́ kí a rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní ọjọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú, òkùnkùn bo oòrùn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé nítorí ikú ọmọ náà ni. Ìtàn tí ó bu ọlá fún un ni, bí ó bá sì dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í. Kò dákẹ́. Ó dìde, ó sọ fún wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ kò gbà kí wọ́n pa irọ́ mọ́ iṣẹ́ Ọlọ́hun.

Ẹ tún gbọ́ èyí tí Anas ọmọ Malik gbà wá. Ànábì ń ṣe kútúbà lọ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkùnrin kan wọlé, tí ó sì sọ fún un pé ọ̀dá ti ń pa ẹran, ebi ti ń pa ará ilé. Ànábì gbé ọwọ́ sókè, òjò sì bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ títí di Jímọ̀ kejì. Lórí mìḿbárì kan náà ni ẹnìkan tún ti dìde, tí ó ní ilé ti ń wó, dúkìá ti ń rì. Ànábì kò bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá. Kò ní ìmàní rẹ̀ kéré nítorí pé ó ráhùn sí òjò àánú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ Ọlọ́hun pé kí ó darí òjò náà sí orí òkè, sí àfonífojì àti ibi tí igi ń hù. Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀mejì ni a dá kútúbà Ànábì dúró, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ó sì jẹ́ láti ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń pa lára. Ní tiwa, ẹni tí omi pa lára dúró dè wá ní ìta kí a tó mọ̀ pé ó ní ìtàn.

Kí wá ni òtítọ́ ìtàn náà? Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù Rúùmù pé ìbàjẹ́ ti hàn ní orí ilẹ̀ àti ní ojú omi nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé ọwọ́ ta ni. Ó ti lé ní 150 ọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń jó èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì, tí èéfín wọn sì ń bo ayé bí aṣọ òtútù. Ooru ayé ti fi ohun tí ó lé ní ìwọ̀n Celsius kan gbéra sókè. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gbóná a máa gba omi sínú ju èyí tí ó tutù lọ. Fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, bí ìdá 7 nínú 100 ni àfikún rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì tú omi náà sílẹ̀, a máa rọ́ wìì ní wákàtí díẹ̀. Nínú èéfín tí ó ń jáde lágbàáyé lọ́dọọdún, ti gbogbo Áfíríkà lápapọ̀ kò ju bí ìdá 4 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, omi pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ní ọdún kan náà, ó pa àwọn tí ó lé ní 1,700 ní Pákísítánì.

Ànábì fi ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe fún wa. Àwọn kan ṣẹ́ kèké, àwọn kan bọ́ sí òkè ọkọ̀, àwọn kan bọ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ti òkè kọjá láti pọn omi, wọ́n wá rò ó pé àwọn yóò kúkú lu ihò sí ibi tiwọn. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni yóò rì. Ní ayé tiwa yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, àwọn ti òkè ni ó ti ń lu ihò láti ọjọ́ pípẹ́, orí ẹní àwọn ti ìsàlẹ̀ ni omi sì kọ́kọ́ ń dé. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Sharm el-Sheikh ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, pé kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí àdánù bá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé sàárà ni. Ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣe lọ́ṣẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù tí ó péjọ sí Istanbul ní ọdún 2015 ti ké sí àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ń wa epo pé kí wọ́n ṣáájú nínú dídá èéfín náà dúró. Nàìjíríà wà nínú àwọn tí ń wa epo, nítorí náà ìkìlọ̀ yẹn kan ilé wa.

Ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. Àwa ni a ń da ilẹ̀ sí odò bí òjò bá ti ṣú. (A gbọ́ pé wọn yóò tẹ wáàsí yìí sí ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe bá a nínú gọ́tà lọ́la.) Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a da gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tí ó háyà yàrá kan létí odò nítorí pé ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ká. Ẹnìkan ta ilẹ̀ náà. Ẹnìkan buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í sùn létí odò.

Bí ìtàn bá dúró síbẹ̀, ìbẹ̀rù nìkan ni yóò kó bá ọmọ, ẹni tí ẹ̀rù bà jù kì í sì í lè ṣiṣẹ́. Ọlọ́hun pe ìtàn Ànábì Yusuf ní ìtàn tí ó dára jù lọ. Ọba Íjíbítì lá àlá màlúù méje tí ó rù tí ó ń jẹ màlúù méje tí ó sanra, àwọn ìjòyè sì ní àlá rúdurùdu ni. Inú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀tàn sọ Yusuf sí ni wọ́n ti wá bá a. Kò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni ka ẹjọ́. Ó sọ ohun tí ó ń bọ̀ láìdín in kù: ọdún méje ọ̀pọ̀, ọdún méje ìyàn. Ó sọ iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀: kí wọ́n ro oko, kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àyàfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Ó wá fi kún un pé lẹ́yìn náà ni ọdún kan yóò dé tí òjò yóò rọ̀, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa fún èso. Àwọn onítumọ̀ Al-Kùránì kíyè sí i pé ọdún ìkẹyìn yìí kò sí nínú àlá ọba. Ìmọ̀ tí Ọlọ́hun fún Yusuf ni. Ó mọ̀ pé ẹni tí yóò fi ọdún méje tọ́jú ọkà gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún wà.

Ìtumọ̀ àlá ni a ṣaláìní ní àdúgbò wa. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀, tí àjọ NIHSA náà sì ń sọ ibi tí omi lè ti kún. Ìròyìn náà kì í sábàá dé etí ẹlẹ́kọ tí ó wà létí odò. Ohun tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ohùn ẹni tí a kò mọ̀ lórí WhatsApp, tí ó ń kéde òpin ayé. Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn kí a tó tàn án kálẹ̀. A ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ wa méjì máa ka ìròyìn àwọn àjọ náà, kí wọ́n máa sọ ọ́ ní Yorùbá tí ó yé ènìyàn, kí a sì máa kà á níbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní gbogbo àsìkò òjò.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn àsàlátù, àwọn àgbà tí ojú wọn rí ọdún 1980 àti 2011 yóò jókòó ti àwọn ọmọ ilé kéwú. Kí wọ́n sọ ibi tí omi gbà wọlé, irú ariwo tí ó pa, ọ̀nà tí kò gbà, àti ẹni tí ó fa ẹnìkejì yọ. Àwọn ọmọ yóò tún ìtàn náà sọ lójú wa. Ẹni tí ó bá lè yà á ní àwòrán, kí ó yà á, ẹni tí ó bá lè fi ṣe ewì, kí ó ṣe é. A ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri mọ́sáláṣí níbi tí omi dé. Lẹ́yìn náà a ó kó gọ́tà, kí oníkálukú mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá.

Ìyá ẹlẹ́kọ náà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. A lọ bá a nílé, a tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tí a sọ ní ọdún náà, ó sì forí jì wá. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sunkún nítorí òun. Òun fẹ́ fi ọ̀nà tí ó gòkè han àwọn ọmọ ni.

Ọlọ́hun, fi àwọn tí omi gbé lọ sínú àlùjánńà Rẹ. Darí òjò ọdún yìí sí oko wa àti sí orí òkè, má ṣe darí rẹ̀ sí orí ẹní wa. Fún àwọn ti òkè ní ọkàn tí ó ń gbọ́, sì fún wa ní ẹnu tí ó ń sọ òtítọ́. A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún yín, àti fún gbogbo mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.