Ta Ló Ni Ọ̀la Ọmọ Iṣẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ yín, ìbéèrè kan rèé. Bí ẹ bá jókòó ti ọmọ náà láti bá a wá ọ̀nà tí yóò gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀, èrò ta ni ẹ máa tẹ̀ lé? Ṣé tiyín ni, tàbí ti ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ aránṣọ ní Kétu. Ká ní ọmọbìnrin kan ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́. Ọ̀gá bi í pé, “Ọmọ mi, kí lo fẹ́ ṣe?” Ó ní, “Ọ̀gá, aṣọ kakí àwọn ọmọ iléèwé ni mo fẹ́ máa rán.” Kò dárúkọ aṣọ ìyàwó, kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ní Kútọnu. Ó dun ọ̀gá, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ náà lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbí ni a ti máa ń pa òwe pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ń fi òwe yìí pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ju bí a ti ń fi kọ́ ọ lọ. Àkísà tí ẹ ní, ẹ tú u sílẹ̀ kí ọmọ rí i! Ẹ̀tọ́ rẹ̀ lára yín nìyẹn. Yíyan ọ̀nà fún un kọ́.

Kí ni àkísà inú iṣẹ́ kakí? Oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni iṣẹ́ máa ń pọ̀, nígbà tí iléèwé fẹ́ wọlé. Aránṣọ kì í sùn. Tó bá di oṣù kejìlá, máṣíìnì dákẹ́. Kí ọ̀gá sọ èyí fún un, kí ó sì bi í pé, “Títí iléèwé yóò fi tún wọlé, kí ni ìwọ yóò máa jẹ?” Kí ọ̀gá wá panu mọ́. Pípanu mọ́ yìí ló ṣòro jù fún àwa àgbà. Bóyá ọmọ yóò ní òun á kọ́ bùbá mọ́ ọn. Bóyá yóò ní òun á máa bá ìyá òun lọ sóko. Èyí tó wù kó mú, tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. “Mo fẹ́ di aránṣọ rere” kò tó. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n? “Kí oṣù yìí tó parí, n óò gé ṣòkòtò kan láìbi ọ̀gá”: ìyẹn ṣe é wò. Kí ó kọ iye tí yóò máa fi pamọ́ lọ́sẹ̀ fún máṣíìnì. Bí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ìdánwò CQM wà fún irú rẹ̀. Kí ó kọ ọdún tí yóò ṣe é.

Ohun kan wà tí ọ̀gá kì í fẹ́ sọ síta. Ọmọ tó mọ ibi tó ń lọ yóò lọ. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ iṣẹ́ tán ni èrè rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sún ọjọ́ ìdásílẹ̀ síwájú, tí wọ́n ní ọmọ kò tíì gbọ́n. (Omi tó ń pọn àti ọmọ ọ̀gá tó ń gbé pọ̀n, ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?)

Nítorí náà, ẹ ka ìwé kékeré náà dáadáa. Bí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bá ń mú èrè wá fún ṣọ́ọ̀bù yín, tí kò sì sí ọjọ́ tí ọmọ yóò lọ, èrò tiyín ni ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ dá kálàmù padà fún un, kí ó tún un kọ.