Ẹ̀wà Tí Kò Ní Àbàwọ́n

Ní Òkè Àrin, níbi tí ìyá mi ti ń ta ẹ̀wà ní àpò àti ní kóńgò, ojú ni àwọn oníbàárà fi ń ra ọjà. Wọn a bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, wọn a fẹ́ ẹ, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí hóró mẹ́ta tí kòkòrò ti gé jẹ, wọn a ní kí ìyá mi dín owó kù, tàbí kí wọ́n kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Lọ́dún kan, àgbẹ̀ kan láti Òkè-Ògùn kó àpò méje wá. Ìyá mi tú ọ̀kan, ó rí ibi tí kòkòrò ti bu ẹ̀wà jẹ láti oko. Àgbẹ̀ náà ní epo dóńgóyárò ni òun fín, torí pé àwọn ọmọ òun ló ń bá òun já ẹ̀wà. Iye tó kéré sí ti àwọn yòókù ni ìyá mi san fún un. Nígbà tó di ọdún kejì, ẹ̀wà rẹ̀ ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó, kò sí ihò kan."

Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tó fín. Owó pípé ni ó gbà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ló fi májèlé sí oko yẹn?

N kò fẹ́ parọ́ mọ́ kẹ́míkà. Kòkòrò afàyàfà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Maruca vitrata, tó ń dàgbà di àfòpiná, máa ń jẹ òdòdó ẹ̀wà, a sì máa lu èèpo rẹ̀ wọlé. Ẹni tí oko rẹ̀ ń bàjẹ́ lójú rẹ̀ kò ráyè ìwàásù. Kẹ́míkà ń yára pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣà á pa: oyin tó wá sórí òdòdó àti agbọ́n tó ń bá wa pa kòkòrò lọ́fẹ̀ẹ́ ń bá a lọ.

Òògùn tí a fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe yàtọ̀. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni Bt, bakitéríà tí onímọ̀ ará Japan kan rí ní 1901 níbi tó ti ń pa kòkòrò onísílíkì. (Kòkòrò tí à ń pa níhìn-ín, àwọn kan ń sin irú rẹ̀ fún aṣọ lọ́hùn-ún!) Kòkòrò gbọ́dọ̀ jẹ ewé tí a fín in sí kí ó tó ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ á bàjẹ́, kò ní lè jẹun mọ́, àmọ́ ó lè tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó kú. Oòrùn ń ba Bt jẹ́, òjò ń ṣàn án lọ, kì í sì í bá èyí tó ti wọnú èèpo. Nítorí náà, ihò díẹ̀ yóò wà. Ihò yẹn gan-an ni Òkè Àrin kì í dárí jì.

Ní ọdún 2015, European Union dá ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró nítorí dichlorvos, òògùn tí wọ́n ń fi lé kòkòrò inú àpò. A bínú sí àgbẹ̀, a bínú sí alápò. A kò bínú sí àtẹ́lẹwọ́ tó ń wá hóró dídán. N kò yọ ara mi sílẹ̀: owó ẹ̀wà dídán ni mo fi kàwé.

Ẹ̀wà tí oníbàárà bá sì kọ̀, èyí tó ní ihò, ni ìyá mi ń dì lọ sílé fún wa ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí a kì í se èyí tó ń dán.

Ó ní, "Èyíinì, títà ni."