Igi Àlejò Tí Ó Ń Ṣíji Bo Onílé

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Jeremáyà 29:4–7, 17:7–8



Ní Kánò níhìn-ín, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún, ilẹ̀ a gbẹ, eruku ọyẹ́ a sì bo ojú ọ̀nà. Síbẹ̀ ewé igi dóńgóyárò a máa tutù yọ̀yọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni onírèké ń pàtẹ sí, abẹ́ rẹ̀ ni akọ̀wé ń dúró de ọkọ̀. Bí ibà bá dé, ewé kíkorò rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń sè.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé igi ìbílẹ̀ ni, nítorí Haúsá ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọkùnrin gíga. Ṣùgbọ́n àlejò ni. Ìhà ilẹ̀ Íńdíà ni orírun rẹ̀. Láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà nísisìyí, ni a ti mú un wá, tí a sì gbìn ín ní ọdún 1928. Àlejò náà ta gbòǹgbò jinlẹ̀, ó sì ń fi ibòòji fún onílé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ìjọ gbin igi márùn-ún sí àgbàlá, a sì fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ láti máa bomi rin. Tèmi kú. Omi kò wọ́n, ohun tí mo ń wí lọ́kàn ni pé, “Ọdún méjì péré, n ó padà sílé.” Ọdún kẹsàn-án nìyí. Ní ọjọ́ ìsìnkú kan, abẹ́ igi mẹ́rin tí ó kù kò gba èrò. Ibi òfìfo tèmi ni àwọn opó kan jókòó sí, nínú oòrùn. Ojú tì mí púpọ̀.

Wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọn kọ́lé, kí wọn gbin ọgbà, kí wọn sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọn ń gbé. Kò ní kí wọn gbàgbé Jerúsálẹ́mù. Òtítọ́ ni pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ro oko, kí ni yóò gbé bọ̀ wá sílé?

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n yín pé. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ má jẹ́ kí ìwé aláìní pẹ́ lórí tábìlì yín. Ẹ kí aládùúgbò yín ní èdè rẹ̀. Bí ó bá ṣàìsàn, ẹ bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa dàbí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kan omi: ọ̀dá kò bà á lẹ́rù.

Mo ti gbin òmíràn sí ibi òfìfo náà. Èmi lè má jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò jókòó. Ìwọ ńkọ́, arákùnrin, arábìnrin? Kí ni ìwọ ń bomi rin ní ìlú yìí?

Kí Olúwa kí ó fi gbòǹgbò wa múlẹ̀ nínú Rẹ̀. Àmín.