Ẹ̀bùn Ọ̀rẹ́ Lórí Àga Ìjọba

Ǹjẹ́ ìwà ọmọlúàbí ni kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ẹ̀bùn tí ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan gbé wá bá a? Ìbéèrè yìí le, nítorí pé lójú Yorùbá, ẹni tí ó bá kọ ẹ̀bùn, ẹni tí ó fún un gan-an ni ó kọ̀.

Àwọn tí ó ṣe òfin-ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 mọ ìṣòro náà. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin ọ̀hún, tí ó ka àwa òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba mọ́ wọn, sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe tàbí tí ó kọ̀ láti ṣe. Síbẹ̀, ó gbà á láyè láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, ní ìwọ̀n àti ní àkókò tí àṣà bá fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ àṣà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá sí lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi àṣà náà léèrè. Ẹ̀bùn Yorùbá ní àkókò: ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà. Ìta gbangba ni a ti ń fún ni, a sì ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní ẹ̀san pẹ̀lú: bí o ti ṣe é fún mi lónìí ni èmi náà yóò ṣe é fún ọ lọ́jọ́ tìrẹ, láti inú àpò ara mi. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a rí nínú owó tí ọ̀rẹ́ tí ń wá iṣẹ́ àgbàṣe rọra fi sábẹ́ fáìlì? Kò ní àkókò, kò ṣe é dúpẹ́ rẹ̀ ní gbangba, àpò ìlú ni a ó sì ti san án padà.

Àwọn kan yóò ní ìwà òyìnbó ni èyí. Mo bi wọ́n: arúgbó tí ń wá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tí kò ní ìbátan kankan nínú ọ́fíìsì yẹn, ṣé kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni? Òun ni ó ń san owó oore tí a ṣe fún ọ̀rẹ́ wa.

Bí ìbátan mi bá wá sílé, n óò fún un ní oúnjẹ. Bí ọ̀ràn rẹ̀ bá dé orí tábìlì mi, ẹlòmíràn ni n óò gbé fáìlì náà fún. Ó lè bínú. Kí ó bínú sí mi sàn ju kí àjèjì sunkún nítorí mi.