Ìdákẹ́ Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè kan ń dà mí láàmú: nígbà wo ni ìdákẹ́ jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí, nígbà wo ni ó sì di ẹ̀ṣẹ̀? Èdè ni mo ń kọ́, n kò kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ àrùn ni mo ti bá ìbéèrè yìí pàdé.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, DNA a máa rán iṣẹ́ jáde pé kí a ṣe purotéènì báyìí báyìí. MicroRNA kì í jẹ́ iṣẹ́ kankan ní tirẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tí a rán, ó sì ń pa á lẹ́nu mọ́. Inú aràn tín-ín-rín kan ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun ti rí i, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1993. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí. Wọ́n ní ti aràn ni. Ní 2000 ni a tó mọ̀ pé ó wà nínú ènìyàn pẹ̀lú. Ní 2024 ni àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel.

Prostate ni ẹṣẹ́ kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Iṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní BCL2, tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó má ṣe kú. MicroRNA méjì, miR-15a àti miR-16, ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Ítálì fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prostate, àwọn méjì yìí ti dínkù: sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó kú wá kọ̀, kò kú. Ìdákẹ́ rere nìyẹn, àwọn àgbà sì ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́, nígbà tí wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìbá dùn mọ́ mi bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n miR-21 ń bẹ. Òun a máa pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ yìí, àwọn tí ó sì ń pa lẹ́nu mọ́ ni àwọn tí ń kìlọ̀ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ ni ìyàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi a máa dìde lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru lọ tọ̀. Gbogbo ilé ni ó ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó bèèrè, nítorí a kì í bá àgbà sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ. A sì pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Òwe kejì ni a gbàgbé, pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, jẹjẹrẹ náà ti wọ egungun.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń tọ̀ lóru ni ó ní jẹjẹrẹ, àti pé òmíràn a máa rọra dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan mìíràn yóò fi pa olúwarẹ̀. Mo fi èyí tu ara mi nínú fún odidi ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí arákùnrin rẹ̀ bá ní in, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Bàbá mi ni àbúrò olóògbé.

Ní ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, mo wà nílé, mo sì gbọ́ ìró ilẹ̀kùn lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ìyá rẹ ni ó rán ọ?”

Mo ní, “Rárá o, Bàbá. Èmi fúnra mi ni.”

Wọn kò wí nǹkan kan mọ́. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n sì ní kí n lọ mú fìlà wọn wá.