Ìdè Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Tú

Bàtà oníke líle tí àwọn eléré síkì orí omi ń wọ̀ fún slalom ní iṣẹ́ méjì tó ta ko ara wọn: kó di ẹsẹ̀ mú gírígírí, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kíá. Ẹni tó ń yan ọ̀kan nínú irú bàtà bẹ́ẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè kan tí ẹ̀sìn ti ń bi ọmọ ènìyàn láti ayébáyé: báwo ló ṣe yẹ kí ìdè le tó, ìgbà wo ló sì yẹ kí a pinnu bí yóò ṣe tú?

Síkì kan ṣoṣo ni eléré slalom ń gùn, ẹsẹ̀ kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì á fà á gba ojú ọ̀nà tó gùn ní mítà 259, òun á sì máa yípo bóọ̀lù mẹ́fà tó léfòó, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn sí àárín ọ̀nà ní mítà 11.5. Eré ọkọ̀ náà lè tó kìlómítà 58 ní wákàtí kan. Okùn tó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 18.25 ni wọ́n ń gé kúrú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kúrú ju mítà 11.5 yẹn lọ. Nígbà náà, ara eléré ló gbọ́dọ̀ nà kó tó lè yí bóọ̀lù ká. Níbi tí ọ̀rọ̀ le dé yìí, bí gìgísẹ̀ bá gbé sókè díẹ̀ nínú bàtà, síkì kò ní gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ wí lákòókò.

Nígbà tí Ralph Samuelson kọ́kọ́ dúró lórí omi Lake Pepin ní Minnesota, ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1922, ìgbànú awọ lásán ló fi de ẹsẹ̀ mọ́ pákó méjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni rọ́bà dé. Rọ́bà ń nà, ẹsẹ̀ sì sábà máa ń rí ọ̀nà yọ́ jáde nínú rẹ̀. Oníke líle kì í nà, nítorí náà ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi ibi tí yóò ti tú sí i lára. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, bàtà méjèèjì wà lórí àwo pẹlẹbẹ kan, ohun alálẹ̀mọ́ bíi Dual Lock, tó ní àwọn èékán wẹ́wẹ́ olórí bí olú tó ń há mọ́ra wọn, ló sì so àwo náà mọ́ síkì. Bí ipá bá pọ̀ jù, àwo á ya kúrò lódindi. Nínú èkejì, bàtà iwájú nìkan ló le, irin onísípíríìngì ló sì dì í mú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn wà nínú àgbékọ́ rọ́bà tó ṣí sílẹ̀ ní gìgísẹ̀.

Ohun kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń lé: kí ẹsẹ̀ méjèèjì bọ́ pọ̀. Ewu tó burú jù ni kí ọ̀kan tú kí èkejì ṣì wà nínú ìdè. Omi á máa gbá síkì, síkì á máa lọ́ ẹsẹ̀ kan tó kù, ọrùn ẹsẹ̀ tàbí orúnkún ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Kì í sì í ṣe pé kí ìdè dẹ̀ ló dáa. Bàtà tó bá tú láàárín yíyí, nígbà tí eléré ti fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tì í, á sọ ọ́ lu omi láìṣe pé ó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń wọn gbogbo èyí. Ẹni tó ń yan bàtà á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á dì í pa, á tẹ orúnkún síwájú: gìgísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbéra, síbẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀. Á wá yí sípíríìngì sí ìwọ̀n ara àti agbára tirẹ̀. Ẹni tó yí i le nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá kan ń ṣe é ti fi ìwọ̀n ẹlòmíràn de ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Hjalmar Hvam, ọmọ Norway tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ló kọ́kọ́ ṣe ìdè tó ń tú fúnra rẹ̀ fún síkì orí yìnyín. Ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ní 1937, ọsibítù ni èrò náà ti sọ sí i lọ́kàn, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) lórí rẹ̀ ní 1939. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé ẹni tó ń ṣubú kò ráyè ṣe ìdájọ́. Ìdájọ́ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìdè kí ìṣubú tó dé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ́ rí. Ní Barking àti Dagenham, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí ní ìlà oòrùn London, kò ṣòro láti gbọ́ irú rẹ̀ nínú ìsọjí òru: bí Olúwa bá jẹ́ kí ìwé òun jáde, òun á kó owó oṣù kan gbáko sílẹ̀, bí òun bá bímọ láyọ̀, òun á máa gba ààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì títí dọjọ́ ikú. Ìdààmú ló ń ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu, ìdààmú kì í sì í wọn ìdè. Jẹ́fútà, nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 11, jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí ogun pé ohun tó bá kọ́kọ́ jáde nílé wá pàdé òun ni òun yóò fi rú ẹbọ sísun. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jáde. Bẹ́ẹ̀, ìwé Léfítíkù orí 27 ti fi àyè sílẹ̀ láti ra ẹni tí wọ́n fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ padà, ṣékélì 50 fún ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 20 sí 60, 30 fún obìnrin. Àwọn rábì ìgbàanì kò fi ẹ̀bi náà pa mọ́. Wọ́n ní Fíníhásì àlùfáà ìbá tú ẹ̀jẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń retí kí Jẹ́fútà wá bá òun, Jẹ́fútà náà sì ka ara rẹ̀ sí olórí tí kì í tọ ẹnikẹ́ni lọ. Àárín ìgbéraga méjì ni ọmọ ti ṣègbé.

Al-Kùránì, nínú Súrà Al-Máídà ẹsẹ 89, fi ìtúsílẹ̀ sí ara ìbúra gan-an, ó sì bu iye lé e: kí ẹni tó bá da ìbúra rẹ̀ bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kó dá aṣọ fún wọn, tàbí kó sọ ẹrú kan di òmìnira, ẹni tí kò bá ní, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Iye yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́, kò sì pa ènìyàn. Sípíríìngì tí wọ́n wọ̀n dáadáa ni.

Ìtàn Ifá gba ọ̀nà mìíràn. Orí, ìyẹn àyànmọ́ ẹni, tí a bá gbà lọ́wọ́ Àjàlá amọrí kò níbi tí a ti ń tú u, nítorí náà gbogbo ìṣọ́ra bọ́ sí ìgbà yíyàn. Oríṣèékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja mú èyí tó wù wọ́n lójú. Amọ̀ tí kò jinná ni, òjò sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà rúbọ kó tó lọ, ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá sì fi ọ̀pá irin dán orí wò títí ó fi rí èyí tó yè kooro fún un. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1991, béèrè bóyá a lè pe ohun tí a mú láìmọ inú rẹ̀ ní yíyàn. Ìbéèrè náà tọ́ sí Oríṣèékú àti ẹnìkejì rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ kan Afùwàpẹ́: ojú kò rí inú orí, ọ̀pá irin ló bá a wò ó. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, sì ti tẹnu mọ́ ọn ní 1976 pé orí rere nìkan kò tó, ẹsẹ̀ ló ń rin ìrìn rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

Ní Barking fúnra rẹ̀, àwókù ilé àwọn sísítà kan ṣì wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret. Nǹkan bí ọdún 666 ni Ẹni Mímọ́ Erkenwald dá a sílẹ̀ fún Ethelburga arábìnrin rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1539, Dorothy Barley, olórí wọn, fi ilé náà lé Ọba Henry Kẹjọ lọ́wọ́, wọ́n sì ṣètò owó ìfẹ̀yìntì fún òun àti àwọn sísítà 30. Ilé lọ, aṣọ lọ, àdúrà àpapọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba Henry ṣe ní ọdún yẹn kan náà sọ pé ẹ̀jẹ́ àìgbéyàwó ṣì dúró, títí wọ́n fi pa òfin náà rẹ́ ní 1547. Ẹsẹ̀ kan ti bọ́, èkejì ṣì wà nínú ìdè, fún ọdún mẹ́jọ. Ìwà ìkà ni, nítorí àwọn tó tú ìdè náà kò bi àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ohunkóhun, wọn kò sì tú u tán.

Òfin ìjọ Kátólíìkì ti 1983 ti wọn ìdè yìí lọ́nà mìíràn. Ẹni tó fẹ́ di sísítà á kọ́kọ́ lo oṣù 12 ó kéré tán gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kó tó kan èyí tó wà títí ayé. Bí ìdí tó wúwo bá sì dé lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n bá fún un ní ìwé ìyọ̀ǹda, òfin 692 sọ pé ìwé yẹn tú gbogbo ẹ̀jẹ́ náà àti gbogbo ojúṣe tó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.